Ilà Kẹfà

Bàbá Titus fi igi tìróò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó fa ìlà kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mí, ó wò ó. Ó wọ́. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nù ún kúrò, ó fa òmíràn. Ìyẹn náà wọ́. Gíláàsì tó ń wò kì í ṣe gíláàsì ilé o, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ táksí ni, ọkọ̀ elérò mẹ́rìndínlógún kan tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Jeppestown, ní Johannesburg, kí wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ ìjókòó ẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń rán awọ ìjókòó láti bí ọgbọ̀n ọdún, tí abẹ́rẹ́ kì í yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ìlà tí ò gùn ju ìka ọmọdé lọ ló ń dà á láàmú láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ gbéyàwó ni?"

Toheeb ni, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóòmù ìjókòó méjì lé èjìká.

"Eruku ló kó sí mi lójú."

"Eruku tó gbé tìróò dání. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Toheeb sọ fóòmù kalẹ̀. "Ẹ bá mi kí Àǹtí Bọ́láwùmí. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi obìnrin ti dé odò kẹrin nínú géèmù wọn, kò jẹ́ ká rí tẹlifíṣọ̀n wò mọ́. Ó ní kí n bi yín bóyá lóòótọ́ lẹ ò ṣẹ́jú."

"Sọ fún un kó lọ kàwé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Atukọ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún òun."

Bàbá Titus ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgò tìróò sápò, ó dé fìlà, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò.

Ohun tó wà ńlẹ̀ rèé. Bọ́láwùmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní Randburg, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Odò Méje. Ọdún kejìdínlógún rèé tí géèmù náà ti wà. Nígbà tí Bọ́láwùmí wà nílé ìwé gíga ní Doornfontein lòun àti ọ̀rẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bí eré. Ẹni tó bá ń gbá a máa sọdá odò méje, létí odò kọ̀ọ̀kan sì ni bàbá kan ti máa ń dúró sínú ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ̀rù omi bá ń ba èèyàn, Atukọ̀ á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Ilà mẹ́fà ni wọ́n bù sí mi lójú, mi ò ṣẹ́jú. Ó yá, wọlé." Kò sí ọmọ tó ń gbá géèmù yẹn tí ò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mìíràn kọ ọ́ sára aṣọ wọ̀.

Bàbá Titus ni Atukọ̀. Ojú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni.

Irọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Kùmásì ni wọ́n bí Titus sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò aṣọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kó o padà wálé sí Èkìtì, ó ti pé ọmọ ọdún méje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí àwo. Bàbá àgbà ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ọmọ ilé àwọn ò lè máa rìn kiri láìní pélé mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Wọ́n ránṣẹ́ sí olóòlà. Ẹ wò ó, ọmọ jòjòló ni wọ́n máa ń bu ilà fún, ọmọ jòjòló ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá. Titus lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú tí wọ́n fi bu mẹ́ta ọ̀tún. Wọ́n bu méjì lósì. Bí olóòlà ṣe yíjú pé kóun nu abẹ, Titus já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di inú oko kòkó. Ìrọ̀lẹ́ ló tó jáde. Bàbá àgbà wò ó títí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò nà án. Ìyẹn ló dùn ún jù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fún un lórúkọ: Ó-ku-kan. "Ó-ku-kan, wá ká lọ pọnmi." "Ó-ku-kan, ṣé o máa jẹun ni àbí o máa sá?" Títí tó fi kúrò nílùú yẹn, orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn.

Ní Johannesburg, Roseline ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Roseline ló máa ń fi tìróò fa ilà kẹfà fún un tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà jẹ́ níbi ìkómọ. Ọwọ́ obìnrin náà kì í gbọ̀n. Á ní, "Dúró jẹ́ẹ́, Ó-ku-kan mi," wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá kí wọ́n tó jáde síta. Ọdún mẹ́fà rèé tí Roseline ti kú. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ní ká ya fọ́tò, Bàbá Titus á rántí pé òun fẹ́ tọ̀.

Báwo ni irọ́ náà ṣe dé etí Bọ́láwùmí? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé níbí. Àwọn ọmọ kíláàsì fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó délé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì bàbá rẹ̀, lọ́wọ́ òsì, nítorí pé lọ́wọ́ ọ̀tún ni kẹ̀kẹ́ maṣíìnì wà, ó ní òun ò lọ mọ́ láéláé. Kí ni bàbá á sọ? Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ ohun tó wù ú kó jẹ́ òótọ́. Ọmọ náà nu imú. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí Atukọ̀ lẹ́nu, bàbá rẹ̀ ò sì mọ bó ṣe máa gbà á kúrò níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí: ojú Atukọ̀ ò jọ ojú èèyàn. Ti àkọ́kọ́, tí Bọ́láwùmí gbé kọ̀ǹpútà wálé láti fi hàn án, ègé kéékèèké dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú ni gbogbo ẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀wà àti àgbàdo bá dà pọ̀ sílẹ̀. Ó bi í pé èwo ni orí níbẹ̀. Ìkejì jáde, wọ́n yà á bí àwòrán inú ìwé ọmọdé, orí tóbi bí elégédé, ilà mẹ́ta ràbàtà. Ẹ̀kẹta dà bí ẹni tí wọ́n fi àdá tí ò mú gbẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní igun bí páálí, ilà mẹ́ta bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹrin ń dán bí ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí, ilà mẹ́ta gún régé bí eyín kóòmù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yí ojú náà padà, ohun tí Bàbá Titus kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó kà. Mẹ́ta. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ọmọ òun gba òun gbọ́.

Àfi ọjọ́ Mọ́ńdè tí Bọ́láwùmí pè é. "Dádì, ẹ̀karùn-ún ti ń bọ̀. Àwòrán lásán kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, awọ ara gidi ni. Ẹ wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọgọ́ta kámẹ́rà la máa fi ya ojú yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò irun gan-an máa jáde."

Láti Mọ́ńdè, Bàbá Titus ò sùn dáadáa.

Nínú táksí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kúrò nínú oòrùn. Wọ́n ń gba owó ọkọ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń bá wọn na án síwájú. Ti òsì wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ooru mú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ fìlà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Obìnrin tó jókòó tì í ṣàánú ẹ̀, ó yọ tíṣù, ó na ọwọ́ sí ojú rẹ̀. Bàbá Titus fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ kan gíláàsì gbàgà.

"Tíṣù ni, baba," obìnrin náà wí. "Kì í ṣe ọ̀bẹ."

Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Òun náà gbìyànjú, ẹ̀rín ò jáde.

Nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì, dá wọn dúró ní àbáwọlé Randburg, tí iná pupa ń wò wọ́n, ó rò ó pé kóun bọ́ọ́lẹ̀ kóun padà. Kóun ní ìbà ló dá òun dúró. Ṣùgbọ́n Bọ́láwùmí á wá sílé, á gbé ọbẹ̀ wá, á jókòó tì í, á wò ó lójú. Iná yí padà. Mọ́tò lọ.

Bọ́láwùmí ti ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́. Níwájú àwọn òyìnbó tó ń wọlé tó ń jáde, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó dìde, ó gba àpò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò ó lójú. Ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì kúrò níbẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, Dádì. Ṣé ẹ jẹun?"

"Mo jẹun."

"Irọ́ lẹ pa. Ẹnu yín gbẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tẹ̀ lé e wọlé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bóyá dúdú wà níbẹ̀. Díẹ̀ wà níbẹ̀.

Yàrá kékeré kan ni Bọ́láwùmí fi í sí, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Nomvula, ẹni tó ń tọ́jú ojú àwọn tí wọ́n fẹ́ yà, òun sì lọ wo àwọn kámẹ́rà. Nomvula jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ń sọ pé òógùn ni ọ̀tá kámẹ́rà, pé tí ojú bá ń dán, kọ̀ǹpútà á rò pé ihò wà níbi tí ò sí ihò. Ó já ìnujú tútù kan jáde nínú páálí.

"Ẹ má fi kan ẹ̀gbẹ́ òsì," Bàbá Titus wí.

"Eish, baba. Gbogbo ojú ni."

"Ó ń dùn mí."

"Màá rọra ṣe é."

Ó rọra ṣe é lóòótọ́. Tútù náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúrò. Nomvula wo ìnujú náà. Ó wo ojú bàbá.

"Baba, kí lèyí?"

"Tìróò."

"Mo rò pé ojú ni wọ́n ń kun ún sí."

"Ojú náà ni." Bàbá Titus ti yọ ìgò lápò. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ bá mi fa ẹyọ kan, níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yẹn. Ẹyọ kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Nomvula ò gba ìgò. Ó ní ohunkóhun tí kì í bá ṣe awọ, kámẹ́rà á gbé e jáde bí ìdọ̀tí. Ó tún wá ní, "Bọ́láwùmí sì ti sọ fún wa láti àná. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan kún ojú bàbá òun, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Kò mọ ohun tó ń sọ ni, Bàbá Titus rò. Ọmọ tó gbà mí gbọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dé ìgò náà, ó fi í sápò. Wọ́n ní kó lọ dúró nínú gbọ̀ngàn, pé wọ́n máa tó pè é.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Gbogbo Atukọ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, wọ́n tò wọ́n láti ìparí lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ilẹ̀kùn. Ó kọjá lára ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí. Mẹ́ta. Ó kọjá lára ẹni tí wọ́n fi àdá gbẹ́. Mẹ́ta. Orí elégédé. Mẹ́ta. Lópin ògiri, ó dé ọ̀dọ̀ èyí àkọ́kọ́, ẹ̀wà àti àgbàdo. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Nílé nígbà yẹn, kò ju èékánná lọ. Níhìn-ín, ègé kọ̀ọ̀kan tó táìlì ilé ìwẹ̀, onígun mẹ́rin, ó tò tẹ̀lé ara wọn. Tó bá dúró súnmọ́ ọn, kì í ṣe nǹkan kan. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri kejì. Ìgbà náà lọkùnrin kan jáde wá látinú àwọn táìlì yẹn: ó tẹ orí ba, ó kọ ẹ̀gbẹ́ òsì síta, bí ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ maṣíìnì.

Ó kà á.

Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà bó ṣe máa ń ka ojú rírán tí ẹni tó gbéṣẹ́ wá bá ń jiyàn. Méjì. Ó wá àyè wò: bóyá àyè ni ò sí, bóyá kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò gba ju méjì lọ. Àyè wà. Táìlì mẹ́ta gbáko ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà kejì, àwọ̀ ara lásán. Ẹni tó yà á fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ti rí àṣìṣe wa." Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló dúró tì í, kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́. Jesse ni, ọ̀gá àwọn oníkámẹ́rà, ọ̀kan lára àwọn méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ géèmù náà pẹ̀lú Bọ́láwùmí. Èèyàn jẹ́jẹ́. "Bọ́láwùmí ló ya èyí, nígbà tá a wà ní Doornfontein. Méjì ló fi sí i. Nígbà tá a fẹ́ ṣe ìkejì, mo ní ẹ̀gbẹ́ kan la yà tẹ́lẹ̀, ká mọ bí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe rí. Ó ní mẹ́ta ni ọ̀tún, méjì ni òsì. Ó jà fún un, baba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi jẹ. Mo ní kó lọ mú fọ́tò yín wá."

"Ó mú un wá?"

"Ọ̀pọ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ayẹyẹ. Mẹ́ta ló wà nínú gbogbo ẹ̀." Jesse rẹ́rìn-ín. "Ó jókòó, ó wò wọ́n títí tíì ẹ̀ fi tutù. Ó wá ní, ó dáa, òun ló ṣìnà, ẹ fi mẹ́ta sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan la máa ń yà, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ ẹ po sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹ ṣe máa ń ṣẹ́ aṣọ po kẹ́ ẹ tó gé e. Ó wá yá wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní òun ò ṣẹ́ ẹ po mọ́. Ó ní ká yà yín bẹ́ ẹ ṣe wà."

Bàbá Titus ń wo táìlì mẹ́ta tó ṣófo. Ó ń ronú nípa àpótí kan lọ́wọ́ òsì maṣíìnì, nípa ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó ń gbójú sókè tó bá fẹ́ béèrè ìṣirò. Kí ló rò pé ọmọ yẹn ń wò? Àwọn fọ́tò náà ńkọ́? Ta ló rò pé ó máa ń gbé ìgò tìróò Roseline padà sórí tábìlì tí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?

"Dádì." Bọ́láwùmí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Wọ́n ti ṣetán."

Ó yíjú sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò ní nǹkan kan lórí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ojú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó dúró níbẹ̀, kò kúrò.

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n kọ síwájú?"

"Kò sí ẹ̀gbẹ́, Dádì. Wọ́n yí yín ká."

Lóòótọ́ ni. Ìjókòó gíga kan wà láàárín yàrá, ọgọ́ta ojú gíláàsì yí i po, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́yìn. Wọ́n bá a gbé fìlà kúrò lórí. Ó fọwọ́ kan awọ ìjókòó náà, ó rí i pé òwú ẹ̀ ti ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí oko kòkó. Kò sẹ́ni tó dì í mú.

"Tí mo bá kà dé ẹẹ́ta, baba," Jesse ké sí i látẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀, "ẹ ṣáà má ṣẹ́jú."

Ó kà á. Iná kọ yẹ̀rì ní gbogbo igun.

Jesse ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà.

"Mo ṣẹ́jú," Bàbá Titus wí, ní Yorùbá, ní ohùn kékeré.

"Mo mọ̀, Dádì," Bọ́láwùmí dáhùn. "A máa tún un yà."

Ó gbé orí sókè. Kò kọ́kọ́ rí ibi tí ọmọ náà dúró sí nítorí iná tó ṣì ń jó lójú rẹ̀. Ó wá rí i díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ òsì, nísàlẹ̀ díẹ̀. Ó ti fa àpótí kámẹ́rà kan síbẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbójú sókè sí i.